Nígbà Tí Ọwọ́ Ọ̀tún Mi Fa Àdá Yọ

Ìyá Tóyìn, má tíì wọ kíláàsì, jẹ́ kí n rọ́ àlá burúkú kan fún ọ. Bóyá ẹ̀kọ́ ọpọlọ tí mo kọ́ àwọn ọmọ lánàá ló fà á, pé apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ òsì, tí apá òsì sì ń darí ọwọ́ ọ̀tún; pé apá ọ̀tún ọpọlọ náà ló sábà máa ń dá ojú èèyàn mọ̀, tí apá òsì sì ń sọ orúkọ nǹkan.

Mo bá ara mi ní ilé ìdáná. Màámi gbé àwo ẹ̀bà fún mi. Ọwọ́ òsì mi dá wọn mọ̀ kíá, ó nà láti gbà á. Àfi bí ẹnu ṣe là ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, tó pariwo pé, "Aláìlẹ́kọ̀ọ́! Ṣé òsì ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà?" Ló bá fa àdá yọ, ó ṣá òsì ní ọrùn ọwọ́, ó tún un ṣá. Ẹ̀jẹ̀ bo ẹ̀bà. Òsì já bọ́, ó ń japoró nílẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dúńbú.

Màámi bi mí pé, "Ta ni mí?"

Mo wò wọ́n títí, n kò rí ìyá mi nínú ojú náà. Ọ̀tún wá ń fi àdá nàka sí ojú wọn: "Imú nìyí. Ilà nìyí. Gèlè nìyí." Ó gbé àdá sókè.

Igbe ni mo fi jí. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o. Mo ṣáà sáré lọ sí yàrá Màámi, mo fọwọ́ kan ojú wọn kí n lè mọ̀ pé àwọn ni. Wọ́n lajú, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù.

"Ọwọ́ òsì lo fi ń kan ojú ìyá rẹ?"