Àyè Bùkúnmi ní Life Camp

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 2024, Bùkúnmi ọmọ mi kú. Ọmọ ogún ọdún ni. Àbúrò mi, Ọbayẹmí, ló gbé e lọ sin sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi dúró sí Nyanya, ní Àbújá, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló tọrọ iṣẹ́ ìwádìí ìgbà ìsinmi ní ilé-iṣẹ́ irúgbìn kan ní Life Camp, ní Àbújá kan náà. Méjìlá ni wọ́n mú. Bùkúnmi ṣe ipò kẹta. Lateefah ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ fi fóònù kan ṣoṣo kọ ìwé ìtọrọ náà nínú pálọ̀ mi, ṣe ipò kẹtàlá. Bí ẹnì kan bá yẹ̀, òun ló kàn. N kò fẹ́ kí àyè náà ṣòfò. Mo wọ ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí mo ròyìn ikú náà, Láníyì, akọ̀wé wọn, ọmọ Ọ̀ṣun, dìde kí mi.

"Ẹ kú àmúmọ́ra, Bàbá. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí irú ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí i pé òun ò ṣe mọ́."

"Ó ti kú."

"Mo gbọ́, sà. A lè dúró dè é di ọjọ́ Jímọ̀. Tí kò bá wá, àyè yẹn ti wọgbó nìyẹn."

Ó ní ọ̀nà méjì ló kù. Èkíní, kí wọ́n gbà á wọlé, kí wọ́n sì lé e nítorí ìwà ọ̀lẹ, torí ẹni tí wọ́n bá lé ni wọ́n ń fi ẹlòmíràn rọ́pò. Ó ti tẹ ìwé ẹ̀sùn náà tán: kò wá, kò ṣiṣẹ́, kò sì fèsì nígbà tí wọ́n bi í. Ìfọwọ́sí bàbá ló kù.

"Ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ."

"Àbí ká kọ 'aláìgbọràn'?"

"Ọ̀nà kejì ńkọ́?"

"Àwòrán bàbá tàbí ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, láti fi jẹ́rìí ikú."

"Ìyá rẹ̀ ti lọ tipẹ́. Ọmọ Ọ̀ṣun ni ọ́, ṣé o ò mọ̀ pé òbí kì í débẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ni ò mọ̀."

Ní Ọjọ́rú mo dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọbayẹmí dọ̀bálẹ̀ lójú títì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èèwọ̀ ni. Kí la fẹ́ sọ fún àwọn ará ilé?"

Mo ní kó máa lọ níwájú. Mo fa fìlà bojú, mo di ojú, mo dúró síbi tó ní kí n dúró sí. Ó ya àwòrán, ó fi ránṣẹ́ sí Láníyì. Kò pẹ́ tí fóònù dún.

"Bàbá, ojú yín ò hàn. Ẹ ṣí fìlà, sà. Ẹ lajú."

Mo ṣí fìlà. Mo lajú. Mo rí i. Wọ́n ti fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sára sìmẹ́ǹtì nígbà tó ṣì tutù.

"Ó ti wọlé!" Láníyì ń pariwo lórí fóònù. "Ẹ kú oríire, sà!"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Lateefah bọ́ sí àyè náà. Wọ́n fún mi ní ìwé kan tó kù, pé kí n kọ ohun tí ẹni tó kúrò fi sílẹ̀ sínú rẹ̀. Mo kọ èyí tó wà nílé:

Ìwé àjákọ mẹ́rin, ọ̀kan kò kún.
Ẹ̀wù funfun kan, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá.
Bàtà méjì.
Jígí ojú kan, apá òsì ti ṣẹ́.
Ìkòkò ata kékeré kan, tí ó fi gbin irúgbìn ẹ̀gúsí. Ó ti hù.
Súwẹ́tà kan, ó ṣì wà lórí okùn.