Etí Kan Tó Kù fún Àwo Ìbíwùnmí

Nígbà tí Ayọ̀níkẹ́ ta firísà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mowe nítorí àpótí kékeré kan tí ń gbé ohùn àwo orin sókè, àwọn ará àdúgbò ní orí rẹ̀ ti dàrú. N ò bá wọn jà. Ta ló ń ta firísà nínú irú ooru yìí? Ṣùgbọ́n ẹni tọ́rọ̀ kàn ló mọ̀.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Sùlèímọ́nù, bá wọn ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì sílé rẹ̀ ní Ìfọ̀. Ariwo ọkọ̀ ojú irin ti gba etí òsì lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti ń dágbére. Dókítà ní ohùn tó bá tín-ín-rín ni kò ní gbọ́ mọ́ lákọ̀ọ́kọ́, pé ìyókù á tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ìgbà tí wọ́n délé ni Bàbá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ayọ̀níkẹ́, kí etí yìí tó dí, jẹ́ n gbọ́ Ìbíwùnmí lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìbíwùnmí ni ìyá Ayọ̀níkẹ́. Wákà ló ń kọ fáwọn ìyá mọ́sáláṣí nígbà ayé rẹ̀, ọdún tó sì bí Ayọ̀níkẹ́ ni wọ́n gbé àwo kan ṣoṣo jáde fún un. Kò pẹ́ sígbà náà tí àìsàn mú un lọ. Àwo yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù tí èèyàn fi lè mọ̀ pé ó gbé ayé rí. Ayọ̀níkẹ́ fúnra rẹ̀ ò rántí ojú ìyá rẹ̀.

Ó wá ẹ̀rọ tí ń yí àwo rà, ó so ó mọ́ áńpù ilé. Ohùn jáde bí ẹ̀fọn tó há sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ohùn tí abẹ́rẹ́ ń fà látinú àwo kò lágbára, pé àpótí kan ní láti wà láàárín tí yóò gbé e sókè, èyí tí wọ́n ń pè ní fónò. Ó ra kan ní Ibafo. Ìyẹn ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Bàbá tẹ etí mọ́ sípíkà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ariwo nìkan lòun ń gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni firísà lọ.

Ọkùnrin kan wà ní OPIC Estate tí ń jẹ́ Lásúnkànmí, tó ń kó ẹ̀rọ orin ojúlówó wọlé láti òkè òkun. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí omi òjò, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ṣé onígílóòbù lẹ fẹ́ ni àbí sọ́lídì-sitéètì?"

"Bọ̀dá, mi ò mọ ìyàtọ̀. Ìyá mi ni mo fẹ́ gbọ́."

"Onígílóòbù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná, iná wa tí ń fò sókè fò sílẹ̀ yìí sì lè bà á jẹ́. Sọ́lídì ò ní gílóòbù nínú. Ínfátà lásán á gbé e. Ẹ mú sọ́lídì mà."

Ó gbé méjì síwájú rẹ̀, ó sì fi àwo tí Ayọ̀níkẹ́ gbé wá dán wọn wò. Láti inú àkọ́kọ́, ohùn Ìbíwùnmí jáde kedere, àmọ́ nǹkan kan ń dún nísàlẹ̀ rẹ̀, gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń lu ògiri. Ìkejì ní ẹ̀yà kan nínú tí ń yọ irú ìró bẹ́ẹ̀ dànù. Ohùn nìkan ló kù níbẹ̀, ó mọ́ gaara. Ayọ̀níkẹ́ bú sẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù olóṣọ́ọ̀bù.

"Ta ló máa gbọ́ ọ, mà?"

"Bàbá mi ni. Etí wọn ti ń lọ."

"Ah! Ẹ mú èyí tó kílíà yìí jàre. Ti àkọ́kọ́ yẹn, kì í yan nǹkan kan, gbogbo ohun tó wà nínú àwo ló ń kó jáde."

Ta ló fẹ́ ariwo? Ó mú èyí tó mọ́, ó gba Ìfọ̀ lọ. Ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fi abẹ́rẹ́ lé àwo, ó gbé ohùn sókè títí ilé fi kún. Bàbá sún mọ́ ọn. Ó yí etí ọ̀tún sí i. Ojú rẹ̀ ń wá nǹkan kiri.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ dà?"

"Ọwọ́ wo, Bàbá?" Ó ní láti pariwo kó tó gbọ́.

"Ọwọ́ tí ìyá rẹ fi ń gbá ẹ nídìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ lo wà lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn yẹn sílẹ̀, o sì ti ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó sọ̀ ẹ́ kalẹ̀, ó kọ̀. Ó ń kọrin, ó ń gbá ẹ nídìí kó o lè dákẹ́. Ọwọ́ yẹn ni mo máa ń fetí sí."

Ayọ̀níkẹ́ pa ẹ̀rọ náà. Àṣé òun ni ògiri tí wọ́n ń lù, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Àánú ara rẹ̀ ṣe é, inú tún bí i. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó fi wọ ọkọ̀ padà sí OPIC. Lásúnkànmí ráhùn díẹ̀, ó gbà á, ó fún un ní àkọ́kọ́. Gbogbo ọ̀nà padà sí Ìfọ̀ ni Ayọ̀níkẹ́ fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi ọjọ́ kan kún ti etí Bàbá, ọjọ́ kan péré.

Nígbà tó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Bàbá ò dáhùn. Ó pariwo orúkọ rẹ̀ létí ọ̀tún. Ẹnu rẹ̀ ni bàbá ń wò, ó sì rọra mi orí. Etí ti dí.

Ayọ̀níkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Kí ni gbogbo làálàá yìí wá wà fún? Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbà kó má so ẹ̀rọ yẹn. Ó fi abẹ́rẹ́ lé àwo. Ohùn ìyá rẹ̀ gbalé kan, gbì, gbì, gbì nísàlẹ̀ rẹ̀, sípíkà sì ń gbọ̀n.

Bàbá rí i pé àwo ń yí. Ó na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú sípíkà. Ó fi ọwọ́ kejì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lẹ́yìn, gbì, gbì, gbì, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bọ̀ látinú àwo.

Láàárín orin, ìró náà dẹwọ́, ó sì dáwọ́ dúró. Ọwọ́ Bàbá náà dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ibẹ̀ lo ti sùn," ni Bàbá wí.

Ìbíwùnmí ń kọrin lọ, Ayọ̀níkẹ́ nìkan ló sì ń gbọ́ ọ.