Ilé Onífèrèsé Dúdú

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ Yusr. Láti àárọ̀ ni Raudha ti máa ń tún yàrá iṣẹ́ ṣe: á nu tábìlì, á da ọ̀dà sínú àwọn agolo kéékèèké, á tẹ́ bébà funfun sílẹ̀, á sì gbé àga kékeré sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ibi tí àwọn apẹja ti ń tún àwọ̀n wọn ṣe. Àwọn ọmọ mìíràn ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà náà ń wá, àti tọkọtaya tí wọn kò lè bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo wọn ló ń tọ́jú dáadáa, kò ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ nìkan ló máa ń kun ètè kó tó jáde nílé.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ní Sfax, ìlú etí òkun tó ń gbé. Wọ́n ní eré ọmọdé ló fi ń jẹun. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá há sí lọ́rùn, Raudha kì í fipá mú un sọ̀rọ̀. Á gbé ọ̀dà tàbí amọ̀ síwájú onítọ̀hún, á jókòó tì í, á sì pa ẹnu mọ́. Ohunkóhun tí ọwọ́ onítọ̀hún bá ṣe, Raudha kò gbọdọ̀ sọ pé báyìí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣe é ló ni ín, òun náà ni yóò sì sọ ohun tó jẹ́, lọ́jọ́ tó bá wù ú. Kí èèyàn jókòó ti ìbànújẹ́ ẹlòmíràn láìsọ nǹkan kan, ẹni tó bá rò pé eré nìyẹn, kó lọ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Òkun ló gbé bàbá Yusr lọ, òun àti ọkọ̀ ẹja rẹ̀. Nígbà tí òkun dá òkú rẹ̀ padà, tí wọ́n sì sin ín tán, Najat ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kò sì dìde; bí ọmọ rẹ̀ bá béèrè bóyá ó ń dùn ún, á ní rárá. Yusr ló ń dáná. Yusr ló ń ya irun ìyá rẹ̀. Bí àwọn tíṣà bá béèrè, á ní, "Màmá mi wà dáadáa," á sì rẹ́rìn-ín kí wọ́n lè gbà á gbọ́. Kò sunkún rárá. Ìgbà tí irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re ni tíṣà kan fà á lọ́wọ́ wá sọ́dọ̀ Raudha.

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ kí n yà?" Ohun tó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

"Ohun tó bá wù ẹ́."

"Èwo ló máa wu ẹ̀yin?"

Àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú àgbàlagbà sì ni ọmọ yìí máa ń wò kó tó mí. Bí ojú náà bá fà ro, ẹ̀bi òun ni, bó bá tú ká, á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè gbé oúnjẹ mì. Ó pẹ́ kí Raudha tó rí i tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ọ̀dà àwọ̀ òkun títí dé ìgúnpá, láìkọ́kọ́ wo ẹnikẹ́ni lójú. Lẹ́yìn ìyẹn ni Raudha ní kí ìyá náà máa bá a wá. Ó ní kí tìyá tọmọ máa ya àwòrán lórí bébà kan ṣoṣo, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, pupa Najat gba orí àwọ̀ ewé Yusr kọjá.

"Màmá, ibi tèmi nìyẹn. Ẹ lọ sí tiyín."

Najat bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Láti ọjọ́ yẹn ló ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Nígbà tí ara wọn mókun tán ni ẹ̀gbọ́n Najat ránṣẹ́ láti erékùṣù Jerba. Ó ní òun ti rí ilé fún wọn, àyè sì wà fún un ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ òun, àmọ́ kó tètè fèsì, nítorí ẹlòmíràn ń béèrè àyè náà. Najat wá bá Raudha.

"Àǹtí, bẹ́ ẹ bá ní ká lọ, àá lọ. Bẹ́ ẹ bá ní ọmọ yìí ò tíì lè kúrò lọ́wọ́ yín, mo máa ní kí ẹ̀gbọ́n mi fún ẹlòmíì."

Lákòókò yẹn gan-an ni Yusr bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé kan. Ilé kan ṣoṣo láàárín bébà, kò ní ilẹ̀kùn, gbogbo fèrèsé rẹ̀ dúdú kirikiri. Bí Raudha ṣe rí i, àyà rẹ̀ já. Ó fa àga sún mọ́ ọmọ náà, ó sì sọ fún un pé àwọn kò tíì parí. Ó ní kí Najat ṣe sùúrù kí ooru ọdún yìí kọjá ná. Ṣé ká sọ òótọ́? Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló já a láyà. Ayọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ má tètè dá a lẹ́bi. Ìyá Raudha, tí Raudha fúnra rẹ̀ tọ́jú títí ìyá náà fi darúgbó kùjọ́kùjọ́, ti kú, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókè òkun ní Marseille, ọjọ́ ọdún nìkan ló ń pè. Ní gbogbo Jímọ̀, Raudha ṣì ń gbé ìkòkò kuskusi ìyá rẹ̀ kaná. Ìkòkò agbo-ilé ni, kò mọ oúnjẹ ẹnì kan í sè. Á bu abọ́ kan jẹ, ìyókù á wà nínú fíríìjì títí yóò fi kan. Ní òwúrọ̀ ọdún Ìtúnu Àwẹ̀, orí ìdúró ló ti jẹ ẹja oníyọ̀ àti ọbẹ̀ èso àjàrà gbígbẹ nínú ilé ìdáná, nítorí pé tábìlì ti fẹ̀ jù fún un. Ó dá wà, ó ń dùn ún dé egungun, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan fura ṣá. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní àgbà kan tí wọ́n ń ro iṣẹ́ wọn fún, Tijani sì ni ti Raudha. Ó bu kọfí fún un, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Yusr tán.

"Ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun."

"Ó ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré?"

"Ó tiẹ̀ bá ọmọ kan jà níléèwé."

"Alhamdulillahi. Ọmọ tó ń jà ti yá. Kí lo wá ń dá a dúró ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àwọn àwòrán yìí ná."

Tijani wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló sọ fún ẹ pé ilé ẹ̀ nìyí?"

"Ilé ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Raudha, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìwọ àti ta lẹ jọ jẹun ní Jímọ̀?"

Raudha fa báàgì rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ọmọ la ń sọ, ẹ̀gbọ́n."

"Mo gbọ́. Mu kọfí ẹ tán kó o tó bínú lọ."

Kò mu ún tán. Inú bí i títí ó fi délé, bí inú ṣe máa ń bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn lójú egbò.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Raudha jáde lọ bu omi tí yóò fi fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀kùn ibi tí àwọn èèyàn ti ń dúró ṣí díẹ̀. Yusr àti ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ náà ń fi báírò ya nǹkan.

"Kí lèyí?" Najat béèrè.

"Ẹ̀yin nìyẹn, lórí ràkúnmí, ní Jerba."

"Imú mi ló tóbi tó báyìí?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bébà ni ò gbà á."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Najat fi gbá a létí bí eré. Lẹ́yìn náà ni Najat ní àkókò ti tó. Yusr ká bébà náà, ó ní kí ìyá òun tọ́jú ẹ̀ sápò. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì tán níbẹ̀. Ó sorí kọ́ wọ yàrá, ó jókòó.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, dúdú dà?"

Raudha dúró pẹ̀lú agolo omi lọ́wọ́. Ọ̀dà dúdú wà lórí tábìlì. Bó bá tì í síwájú ọmọ náà, tí kò sọ nǹkan kan, Jerba yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn, gbogbo Ọjọ́bọ̀ yóò sì wà bó ṣe wà. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Bóyá ó tilẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ó gbé agolo sílẹ̀, ó jókòó, ó sì béèrè ohun tí kò béèrè láti ìgbà tí ilé náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rù ìdáhùn ń bà á.

"Yusr, ta ló ń gbé inú ilé tó o máa ń yà?"

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, bó ṣe máa ń wò ó níbẹ̀rẹ̀. "Ẹ ò ní bínú?"

"Mi ò ní bínú."

"Ẹ̀yin ni."

Raudha wo ọ̀dà dúdú tó wà lórí tábìlì.

"Èyí àkọ́kọ́, mo kàn yà á ni. Ẹ wá fa àga yín sún mọ́ mi, ẹ ní a ò tíì parí, ojú yín wá dáa. Ni mo bá ń yà á. Tá a bá parí, ta ló máa wá ní Ọjọ́bọ̀?"

"Ṣebí àwọn ọmọ míì ń wá."

"Ẹ kì í kun ètè fún wọn. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín ló sọ fún Màmá."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Raudha ríran. Ọmọ tó fi odidi ọdún kan tú kúrò lẹ́sẹ̀ ibùsùn ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tún so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga tirẹ̀. Ojú tì í gidigidi. Ó mú ọ̀dà dúdú, ó dé e.

"Òótọ́ lo sọ. Ilé mi dákẹ́. Màmá mi kú, mi ò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dá jẹun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ."

"Ta ló máa bá yín ṣe é?"

"Màá wá ẹnì kan. Àgbà ni màá wá."

Ó pe Najat wọlé. "Ìyá Yusr, ẹ máa lọ sí Jerba. Ara ọmọ yín ti yá tipẹ́. Èmi ni mo dá yín dúró, mo sì ṣì í ṣe. Ẹ dárí jì mí."

Najat wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe torí kí inú wa lè dùn lẹ ṣe ń sọ ọ́?"

"Rárá. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín lónìí."

Bí ìtọ́jú bá parí, wọ́n máa ń tẹ́ gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, kí oníṣẹ́ ṣa ohun tó bá fẹ́ mú lọ. Wọ́n tẹ́ ẹ títí ó fi kan ògiri. Yusr mú bébà ọwọ́ méjèèjì tó ní àwọ̀ òkun. Ó mú èyí tí pupa ìyá rẹ̀ ti kọjá ààlà. Ó ń bá a lọ títí ó fi ku àwọn ilé onífèrèsé dúdú nìkan nílẹ̀.

"Ìyẹn ńkọ́?" Najat béèrè.

"Kì í ṣe tèmi."

Najat sáré ṣíwájú lọ dá ọkọ̀ dúró. Yusr dé ẹnu ọ̀nà, ó sì yíjú padà.

"Àǹtí, ṣé ó ń dùn yín?"

Raudha la ẹnu láti sọ pé rárá. Irọ́ tí ìyá ọmọ yìí fi bọ́ ọ lọ́jọ́ gbogbo nìyẹn, tí irun fi ń re lórí rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ó ń dùn mí gan-an. Máa lọ."

Omijé ti ń bọ́ lójú Raudha, kò nù ún. Yusr dúró, ó wò ó, ó ń retí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Òrùlé ṣì wà lókè, àgbàlagbà ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó ní kó wá nu ojú òun. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó di okùn bàtà rẹ̀.

"Ó dàbọ̀, Àǹtí."

Ó fò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Raudha gbọ́ tí Najat ń béèrè ní ìsàlẹ̀ bóyá yóò jẹ bambaluni, àkàrà òyìnbó dídín, tí Yusr fèsì pé méjì, kí wọ́n sì da ṣúgà sí i dáadáa. Raudha jókòó sórí àga kékeré náà láàárín àwọn ilé tó kù nílẹ̀. Ó wá ń sunkún ìyá tirẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá náà, kò tíì sunkún rẹ̀ rí.