Àtàǹpàkò Tẹ̀-ẹ́-padà

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, níbi tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ti lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó ń pe ẹ̀gbọ́n ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Tẹ̀-ẹ́-padà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ní bírékà tirẹ̀ lára ògiri. Bí iná bá pọ̀ jù, bírékà á já, bọ́tìnnì rẹ̀ á yọ síta, ẹ̀rọ á dúró. Ẹlòmíràn á ké sí rewáyà. Àtàǹpàkò tirẹ̀ á ti débẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ padà. Bó bá tún já, á tún tẹ̀ ẹ́. Ó dìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó rántí pé òun ní àbúrò tó mọ iṣẹ́ iná. Àbúrò yìí ni gbogbo ọgbà ń pè ní Rewáyà, obìnrin kan ṣoṣo tó ń gun àkàbà láàárín wọn, òun náà ló sì máa ń wá pa iná tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dá.

Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì, Tẹ̀-ẹ́-padà ní òun kò ní jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí òun máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá. Ó ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun kan bàálù. Àwọn ará àdúgbò rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́rin, ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu wọn: ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, bàálù oníjòkòó méjì sì ti wà nínú gáréèjì ẹ̀yìn ilé, wọ́n fi apá rẹ̀ méjèèjì kọ́ sára ògiri nítorí pé àyè ò gbà wọ́n, ó wá ku wáyà nìkan. Ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀. Ó ní alábẹ̀wò tó máa yẹ bàálù náà wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Rewáyà gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ajé. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ihò róbótó márùn-ún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lu sí dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ọ̀tún, níbi tí ọwọ́ á tó láì nà. Bírékà márùn-ún wà nínú páálí lórí ìjókòó, tuntun, wọ́n ń dán. Ó wo ihò, ó wo páálí, ó wo àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun kò ní fi bírékà sínú bàálù yìí. Fíúsì lòun máa fi sí i.

Ọ̀rọ̀ wá di fà-á-kí-n-fà-á. Ẹ̀gbọ́n ní fíúsì tó bá ti jó ti jó nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè jí i dìde lókè. Ó ní bírékà ló gbọ́ràn: tó bá já, o tẹ̀ ẹ́, o ń bá ìrìn rẹ lọ. Àbúrò ní ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń ba òun. Bírékà kì í déédéé já. Ibì kan ni wáyà ti bó tó sì ń kan irin, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ padà láì wá ìdí rẹ̀, iná ló ń rán padà sójú egbò. Nílé iṣẹ́, ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ilẹ̀kùn sì wà tí wọ́n lè gbà sá jáde. Tó bá wá di òkè, ibo lèèyàn fẹ́ sá sí?

“Ṣé ọmọdé ni mí ni?” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Mi ò ní tẹ̀ ẹ́ láì ronú.”

Rewáyà kì í bá èèyàn jiyàn pẹ́. Bátìrì ló lọ gbé. Ó ki bírékà kan sínú ihò àkọ́kọ́, ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ bátìrì àti gílóòbù kékeré kan, ó jẹ́ kí wáyà náà gba orí tábìlì irin tó wà níta kọjá, ó bó ojú kan lára rẹ̀, ó sì so ẹnu kejì bátìrì mọ́ tábìlì náà. Lẹ́yìn náà ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jókòó sínú bàálù, kó máa ka gbogbo ohun tó máa ṣe bó bá fẹ́ balẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó pariwo kí òun lè gbọ́. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ dúró tì. Nígbà tó ka ìkẹrin, Rewáyà fi ojú wáyà tó bó kan irin tábìlì. Bírékà já, gílóòbù kú. Tẹ̀-ẹ́-padà ń ka ìkarùn-ún lọ ní tirẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti tẹ bọ́tìnnì padà. Ó tún já. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ara wáyà orí tábìlì yọ́, èéfín sì rú.

“Kí ló ń rùn yẹn?” ó béèrè.

“Ẹ̀yin ni,” Rewáyà dá a lóhùn. “Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ tẹ̀ ẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo wáyà tó yọ́, ó wá ń wo àtàǹpàkò ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí wọ́n bá sì ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́bi tí kò yẹ, ó máa ń wá ọwọ́ ẹlòmíràn kiri.

“Ẹni tó bá ní òun á dá aṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò,” ló wí. “Fíúsì ilé ìdáná rẹ ńkọ́?”

Lọ́jọ́ ìsinmi kan tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì pa, fíúsì ilé ìdáná Rewáyà jó, ó sì lọ́ wáyà kọ́pà sójú rẹ̀, ó ní títí di ọ̀la ni. Ọ̀la yẹn ti pé ọdún méjì. Tẹ̀-ẹ́-padà gan-an ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún un lọ́jọ́ náà. Ojú ti Rewáyà, ká má parọ́. Ó palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ó gba ilé rẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n sì ti ń súfèé pé òun ti borí.

Kò tó wákàtí kan tí Rewáyà fi padà dé. Ó sọ wáyà kọ́pà kan tó ti lọ́, tí orí rẹ̀ ti dúdú, sínú páálí bírékà. Ó ní ilé ìdáná òun wà láìní iná báyìí, bẹ́ẹ̀ ló sì máa wà títí òun á fi ra fíúsì gidi. Ọwọ́ tòun náà kò ṣe é fọkàn tán, ìdí nìyẹn tí fíúsì bàálù yìí á fi wà lẹ́yìn ìjókòó, nínú àpótí tí wọ́n fi ìdè irin dè, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ní tó lókè.

“Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi dàgbà, ẹ̀yin nìkan ló sì kù fún mi,” ló wí. “Mi ò ní jẹ́ kí àtàǹpàkò yín gbà yín lọ́wọ́ mi.”

Ohùn ẹ̀gbọ́n ti wálẹ̀. Ó béèrè pé bí ohun tí òun nílò bá wá kú lókè ńkọ́? Rewáyà ní iṣẹ́ tòun nìyẹn. Iná tó ń tan epo nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń pèsè é, kò bá bátìrì da nǹkan pọ̀. Ohun tó bá kù, òun á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fíúsì tirẹ̀, kí ọ̀kan má baà ti èkejì ṣubú. Kò ní sí ohun kan nínú bàálù náà tó máa kú tó máa ní òun fẹ́ mú awakọ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Tẹ̀-ẹ́-padà ń kùn láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n ó ń di wáyà mú. Rewáyà gé páànù pẹlẹbẹ kan, ó fi bo ihò márààrún, ó sì kùn ún ní funfun. Alábẹ̀wò dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, ó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ní pápá gbalasa kan tí wọ́n ti gé koríko rẹ̀, Tẹ̀-ẹ́-padà fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò bó ṣe máa ń ṣe, ó sì wọlé. Bàálù sáré, ó gbéra. Rewáyà dúró nílẹ̀ pẹ̀lú rédíò ọwọ́, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìtijú.

“Àbúrò, mo ń rí òrùlé ilé rẹ,” ni ohùn ẹ̀gbọ́n wí nínú rédíò. “Páànù ẹ̀yìn yẹn ti ń dípẹtà, o ò sì sọ…”

Rédíò kú.

Rewáyà pè é, kò dáhùn. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀: fíúsì ti jó, àtàǹpàkò sì ti gbéra. Ó ń fọkàn ka iye ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Rewáyà ń wo ojú ọ̀run bóyá òun á rí èéfín. Dídún ẹ́ńjìnnì nìkan ló gbọ́, kò yí padà. Bàálù rọra ṣẹ́rí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ta pọ́ún lẹ́ẹ̀kan lórí koríko, ó sì dúró.

Wọ́n tú ẹ̀yìn ìjókòó kí ẹ̀gbọ́n tó bọ́ fìlà pàápàá. Wáyà rédíò ti rọ̀, ó ti ń ha ara mọ́ etí irin, ara rẹ̀ sì ti bó. Ibi tó bó sí kò jìnnà ju ìka méjì lọ sí ọ̀pá tí epo ń gbà. Kílíìpù kan ló dì í mú. Méjì ló yẹ kó jẹ́.

“Èmi ni,” Rewáyà wí. “Alábẹ̀wò ń bọ̀, mo kánjú. Ọwọ́ mi ni.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á lọ́wọ́ lọ síwájú, ó sì na ìka sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Lórí páànù funfun náà, gẹ́lẹ́ lójú ihò àkọ́kọ́ tí wọ́n ti bò, àmì àtàǹpàkò kan wà níbẹ̀, dúdú fún ọ́ìlì. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn sì gorí àwọn méjèèjì.

“Mo lè búra pé mi ò fọwọ́ kàn án,” ló wí.

Rewáyà mú àkísà, ó fẹ́ nù ún. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n máa rí i,” ló wí. “Ìwọ lọ mú kílíìpù kejì wá.”