Ọ̀rá Ojú Ọbẹ̀

Ẹni tó bá ti jẹun nídìí ìkòkò ìyá Yeonsil ní ìlú Busan rí, á jẹ́rìí sí i pé obìnrin náà kórìíra ọ̀rá. Ọbẹ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló ń tà, síbẹ̀ kò sí ọ̀rá tó tó bẹ́ẹ̀ láti léfòó lójú ọbẹ̀ rẹ̀. Ìgbákọ ń lọ, ìgbákọ ń bọ̀, á bù ú dànù. Bí oníbàárà bá kùn, á ní, "Ṣé epo lo fẹ́ mu? Lọ sílé epo!"

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ìfun wá bá jà! Ó jẹ ẹ́ títí tó fi ku egungun. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, dókítà béèrè bóyá kí wọ́n fi díẹ̀ lára ohun tí wọ́n gé ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí tí Yeonsil ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé e fún ọmọ mi, kó máa bọ́ ọ. Èmi ti bọ́ ọ tó." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kú.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n gé náà kò kú ní tiwọn. Yeonsil ń bọ́ wọn nínú abọ́ pẹlẹbẹ, nínú àpótí tó móoru bí ara èèyàn. Bó bá yọjú sínú awò amóhuntóbi, á rí ọ̀rá tó ń dán wínní-wínní nínú wọn. Ẹ ò rí ayé! Ohun tí ìyá ń bù dànù ni àwọn olè yìí ń kó pamọ́. Ó kórìíra wọn. Àmọ́ yàtọ̀ sí wọn, kò tún sí nǹkan kan lára ìyá rẹ̀ tó ṣì wà láàyè. Bó bá ti àpótí náà tán, á gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn rẹ̀, á dúró síbẹ̀. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́, kò parọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Pyo, ọ̀gá wọn nílé ìwádìí, ti mọ ọgbọ́n tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń dá. Ṣúgà ni wọ́n fi ń se ọ̀rá fúnra wọn. Bí oògùn bá sì pa iná ààrò wọn, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé lọ kó ọ̀rá ìta wọlé.

"Olóríburúkú!" ni Pyo wí. "Ọ̀nà méjèèjì la máa dí pa pọ̀."

Oògùn á wà nínú abọ́, omi ẹ̀jẹ̀ màlúù tí wọ́n ti yọ gbogbo ọ̀rá inú rẹ̀ ni wọ́n á sì fi bọ́ wọn. Bó bá ṣiṣẹ́, gbogbo wọn á kú. Ìgò sẹ́ẹ̀lì ìyá méjì péré ló kù nínú fìríìsà. Wọ́n yọ ọ̀kan sínú abọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n máa pààrọ̀ oúnjẹ wọn bọ́ sí àyájọ́ ikú ìyá, ọjọ́ tí òkú ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Yeonsil gbé omi tí kò lọ́ràá dání, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ta ló ń febi pa ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wá jẹun? Ó gbé e sílẹ̀, ó mú èyí tí ọ̀rá kún inú rẹ̀, ó rọra dà á sínú abọ́.

"Màmá, ẹ jẹun o," ló wí. Ó mọ ohun tó ṣe.

Nírọ̀lẹ́, nílé Seokbeom, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tábìlì ti kún fún ìrẹsì, ẹja, èso àti ọbẹ̀, orúkọ ìyá sì wà lára bébà lẹ́yìn oúnjẹ. Yeonsil wo ojú ọbẹ̀. Ọ̀rá ti tẹ́ ẹní síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló se ọbẹ̀ yìí?"

"Èmi ni. Kí ló dé?"

"Ẹ ò bu ọ̀rá rẹ̀. Màmá ò ní fẹnu kàn án."

"Agbẹjọ́rò òkú! Ìgbà tí mò ń gé àlùbọ́sà, ibo lo wà?" Síbẹ̀, ó na ìgbákọ sí i.

Yeonsil ń bu ọ̀rá náà, ló bá dá ìgbákọ dúró. Yéè! Kí lòun fi bọ́ ìyá lọ́sàn-án? Ìyá tí kò fẹ́ rí ọ̀rá sójú! Kì í ṣe ìyá lòun bọ́ rárá. Ẹni tó jẹ ìyá òun run lòun ń pè ní Màmá, tóun ń ní kó jẹun.

Wọ́n forí balẹ̀. Lẹ́yìn náà Seokbeom ṣí ilẹ̀kùn, ó sun bébà náà. "Màmá, ẹ máa lọ o. Ó dàmọ́dún."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i," ni Yeonsil sọ, ẹkún ti gbà á.

"Wọ́n ti jẹun tán, àbúrò mi. Ṣé ká wá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ni?"

Lọ́jọ́ kejì, orí abọ́ ni Yeonsil bá Pyo, ó káwọ́ lérí. "Wọ́n sanra sí i! Oògùn wa ò dáa."

"Ọ̀gá, oògùn ò ṣẹ̀. Èmi ni mo fún wọn lọ́ràá."

Pyo la ẹnu láti jágbe mọ́ ọn, àmọ́ ó rí ojú rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìgò kan ló kù. Bó bá tán, ó tán nìyẹn. Ṣé kí ẹlòmíì ṣe é?"

"Èmi ni màá ṣe é."

Ó sì ṣe é, láìyí ohunkóhun padà. Ọ̀rá wínní-wínní náà ń dínkù, títí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní ìdí abọ́, tí wọ́n kú, tí wọ́n ń léfòó bí eruku. Pyo pariwo ayọ̀, ó sáré lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Yeonsil nìkan ló kù. Ó gbé abọ́ náà jáde, ó sì ṣí ilẹ̀kùn àpótí sílẹ̀ gbayawu, kò tì í.

"Màmá, mo ti bu ọ̀rá rẹ̀ tán," ló wí.

Ooru jáde kúrò nínú àpótí. Ó dúró níbẹ̀, ó ń retí ohùn tó máa ní kó lọ sílé epo.