Ohun Tí A Kì Í Sọ fún Dókítà Ọkọ̀

Bí ènìyàn bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, tí kò sì fẹ́ jìyà, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ojú Omi ni kó lọ. Orúkọ tí àwọn arìnrìn-àjò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un nìyẹn, ó sì dùn mọ́ ọn débi pé bí wọ́n bá fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, ó lè má dáhùn. Télọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ rán aṣọ tí àwọn ẹlòmíì wọ̀ lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn ọmọ ti ní ilé tiwọn, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun náà fẹ́ lọ síbìkan. Ó wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dùn mọ́ ọn bí oyin, láti ìgbà náà kò sí ọdún tí kì í lọ.

Ká má parọ́, ó mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń sọ fún àwọn ẹni tuntun pé yàrá àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ni kí wọ́n gbà, nítorí ibẹ̀ kì í fì bíi ti òkè. Òun ló ń kọ́ wọn pé inú báàgì ọwọ́ ni oògùn àti aṣọ ìwọ̀sùn ń wà, torí àpótí ńlá lè má dé yàrá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Irin ni ògiri yàrá ọkọ̀, ẹ mú ìkọ́ tí ń lẹ̀ mọ́ irin dání, ẹ ó rí ibi kọ́ aṣọ sí. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé aago ìlú tí ẹ bá bọ́ sí, ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó ń ná fìlà lọ́wọ́. Bó bá ti jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, kì í pẹ́ tí àwọn èèyàn á fi yí i ká, á sì máa pín ìmọ̀ràn bí ẹni ń pín ẹ̀pà. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó ti jìn sí kòtò púpọ̀, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan wà tí kì í pariwo rẹ̀. Ó máa ń wo ọ̀tún wo òsì kó tó sọ ọ́.

"Bí inú bá ń run yín, ẹ má lọ sọ fún dókítà ọkọ̀ o. Wọ́n á ní ẹ má jáde ní yàrá mọ́, kí ẹ má baà kó o ran ẹlòmíì. Wọ́n á máa gbé oúnjẹ yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi ti ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ gbé oògùn yín dání látilé, ẹ lò ó, ẹ pa ẹnu mọ́."

Wọ́n ti ṣe é fún òun náà rí. Inú run ún, ó lọ sọ, wọ́n sé e mọ́ yàrá. Ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó jáde, ojú fèrèsé ló sì ti wo ìlú tó torí rẹ̀ wọkọ̀. Ó gbà pé ìyà tí òtítọ́ fi jẹ òun nìyẹn, ó sì búra pé kò ní tún ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló mú dání, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Oníbúrẹ́dì ni àbúrò yìí. Láti ìgbà tó ti wà ní omidan ló ti ń jí ṣáájú àkùkọ, apá rẹ̀ méjèèjì sì kún fún àpá iná ààrò. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìyẹ̀fun ni ìrìn-àjò tirẹ̀ mọ. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri ilé búrẹ́dì rẹ̀ tí ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a. Àwòrán ìlú kan ló wà lára rẹ̀, àwọn ilé funfun tó gun òkè láti etí òkun. Bó bá ń po ìyẹ̀fun, á máa wò ó. Nígbà tí Ọ̀gá Ojú Omi rí i pé ọkọ̀ kan yóò dúró ní ìlú náà, kò gba àwáwí.

"Wàá ti ilé búrẹ́dì yẹn pa," ó ní, "wàá sì tẹ̀ lé mi. Búrẹ́dì ò ní tán láyé."

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n dé ìlú náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àbúrò. Ìdodo ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó bì, ó tún bì, ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń làágùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n má lọ rí dókítà báyìí?"

"Dókítà kẹ̀? Ṣé ojú fèrèsé lo fẹ́ ti wo ìlú rẹ ni? Oúnjẹ ọkọ̀ ni, ara rẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Gba èyí, kó o lò ó."

Àpò oògùn Ọ̀gá Ojú Omi ò yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Oògùn èébì wà níbẹ̀, ti ìgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀, ti ìrora sì lé ní oríṣi mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, ìrora kúrò ní ìdodo, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, àbúrò ò sì lè na ẹsẹ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n fi oògùn kún oògùn. Nígbà tí ọkùnrin tó ń tún yàrá ṣe kan ilẹ̀kùn, tó bèèrè bóyá ara Màmá ò le ni, ẹ̀gbọ́n ló dáhùn.

"Oorun ló ń kùn ún. Oníbúrẹ́dì ni, kò tíì sùn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú lábẹ́ aṣọ ìbora. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lówe. Ṣùgbọ́n kí ni ká wí nípa ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó dákẹ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀, ìrora náà lọ lójijì. Àbúrò dìde jókòó, ó fọwọ́ tẹ ikùn, ó tún un tẹ̀, kò gbà á gbọ́.

"Ó ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo sọ àbí mi ò sọ? Ká ní a lọ sọ fún wọn ńkọ́? Inú yàrá yìí nìwọ ì bá wà báyìí."

Inú ẹ̀gbọ́n dùn gan-an. Ó wọṣọ fún un bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fún un ní oògùn méjì sí i torí ojú ọ̀nà, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rìn díẹ̀díẹ̀ gba àárín àwọn ilé funfun náà. Àbúrò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri kan, funfun ara ògiri náà sì bá ọwọ́ rẹ̀ wá.

"Ẹ wò ó," ó ní, "ó jọ ìyẹ̀fun." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé onílé, kò sì dìde mọ́. Oòrùn mú, ṣùgbọ́n òtútù ń mú un, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbá a lọ́wọ́ mú, ó gbóná bí ilẹ̀kùn ààrò. Ẹ̀rù ba Ọ̀gá Ojú Omi nígbà náà, ẹ̀rù gidi, ó sì fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ gbé ọmọ ìyá rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Kò tiẹ̀ yà sí yàrá. Ọ̀dọ̀ dókítà ló gbà lọ tààrà, gbogbo ọ̀nà ló sì fi ń sọ nínú ara rẹ̀ pé òun yóò ṣàlàyé ohun gbogbo.

Ilé ìwòsàn inú ọkọ̀ kéré, ó mọ́, òórùn oògùn apakòkòrò ló kún ibẹ̀. Ìkìlọ̀ kan wà lára ògiri, ẹ̀yìn dókítà gan-an: ẹni tó bá fi àìsàn inú pamọ́, ọkọ̀ yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọn kò sì ní gbà á mọ́ láéláé. Ọ̀gá Ojú Omi ti rí ìkìlọ̀ yìí rí nínú ọkọ̀ púpọ̀, ó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Lọ́jọ́ náà ó kà á délẹ̀.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ló bèèrè.

"Àárọ̀ yìí ni," ẹ̀gbọ́n ní. "Ohun tí a jẹ nínú ìlú ni."

"Ṣé ẹ ti lo oògùn kankan?"

"Kò lo oògùn kankan."

Dókítà fọwọ́ tẹ ikùn àbúrò. Oògùn ìrora kò jẹ́ kó ké bó ṣe yẹ kó ké. Dókítà bojú jẹ́. "Ara wọn gbóná ju ti oúnjẹ àárọ̀ kan lọ. Màmá, ṣé òótọ́ ni, àárọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò ló bi léèrè èyí. Nílé tí wọ́n ti tọ́ àwọn méjèèjì, àbúrò lè bá ẹ̀gbọ́n jà nínú yàrá títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n kì í já a nírọ́ lójú àlejò. Ìyá wọn ò fi èyí ṣeré. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti sọ níta, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àbúrò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tẹrí ba bí ọmọdé.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.

Wọ́n fa omi sí i lára. Dókítà ní bó bá jẹ́ ti oúnjẹ, yóò lọ, àwọn yóò máa ṣọ́ ọ di àárọ̀. Ọ̀gá Ojú Omi jókòó tì í. Ọkọ̀ fọn fèrè, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà, ó sì mọ̀ pé òun ṣì lè la ẹnu, ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ara àbúrò á yá. Ara òun náà ti yá rí.

Láàárọ̀, dókítà pè é sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Màmá, èyí kì í ṣe ti oúnjẹ. Ìfun kékeré kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún ló wú, ó ti bẹ́ sínú ikùn; bó bá sì bẹ́, ìrora a máa kọ́kọ́ lọ. Kì í bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kó sì dé ibi tó dé yìí lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Ó sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, àti oògùn, àti ìdí. Dókítà ò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó kàn fara ti ògiri.

"Ilé ìwòsàn ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté tá a kúrò," ó ní. "Ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá tí jẹ́ kí ọkọ̀ gbé wọn kúrò níbẹ̀."

Ọ̀gá àwọn atukọ̀ yí ọkọ̀ padà sí èbúté àná. Atẹ́gùn le ju èyí tí hẹlikọ́pítà lè fò nínú rẹ̀ lọ, ilẹ̀ sì jìnnà. Nínú yàrá oúnjẹ, àwọn tó ń gba ìmọ̀ràn lẹ́nu Ọ̀gá Ojú Omi ń kùn, wọ́n ń bèèrè ta ni oníranù tó fi àìsàn pamọ́ tó ba ìrìn-àjò àwọn jẹ́. Wọn ò mọ̀ pé òun ni. Bí wọ́n bá tiẹ̀ mọ̀, kò ní dùn ún mọ́. Ọkọ̀, orúkọ, ìlú tó kù tí kò tíì dé, gbogbo rẹ̀ ni ì bá fi tọrọ wákàtí kan péré ní èbúté àná.

Nígbà tó di ọ̀sán, àbúrò la ojú. Dókítà tẹ̀ síwájú lórí ibùsùn rẹ̀; ẹ̀gbọ́n ò rántí iye oògùn tó fún un, ó sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó fún un ní òmíràn tó lágbára.

"Màmá, oògùn wo lẹ ti lò? Láti ìgbà wo?"

 Àbúrò ń fi ojú wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri títí ó fi rí i.

"Sọ fún wọn," Ọ̀gá Ojú Omi ní. Ẹkún ti ń bá ohùn rẹ̀ jáde. "Mo ti sọ òótọ́ fún wọn. Má bẹ̀rù, ọmọ ìyá mi, sọ ọ́."

Ètè àbúrò ti gbẹ, ó ní láti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. "Àárọ̀ yìí ni," ó ní. "Ohun tí a jẹ nínú ìlú ni. Mi ò lo oògùn kankan."

Ó wá di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó fún un díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní kékeré bí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ìyá wọn, tí ó sì yọrí. Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn kó tó kú.