Ẹlẹ́rìí Tí Wọn Ò Pè Mọ́

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Adérìnsọ́lá ti wà ní Amẹ́ríkà. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń kì í lórí fóònù láti Ìsàn: "Àníkẹ́ mi, ọmọ orí òkè tó ń fi ìkùukùu bojú, ọmọ a-fi-iyán-ṣàlejò." Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí òun ráyè.

Nígbà tí iléeṣẹ́ kan tó ń fọ́ òkúta já wọ oko kòkó ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní ijù lásán ni tẹ́lẹ̀, ìjọ pẹjọ́. Ta ni yóò jẹ́rìí pé kòkó ti wà níbẹ̀ láti ogún ọdún? Ìyá ní ọmọ òun ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ka ilẹ̀ nínú àwòrán tí wọ́n yà láti ojú sánmọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Olùmọ̀-ọkàn mọ̀ pé ojú ọmọ ni ìyá ń wá.

Gbọ́láhàn, lọ́yà ìjọ, ṣàlàyé pé ní kóòtù gíga ìpínlẹ̀, a kì í fi ẹlẹ́rìí onímọ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Kó kọ ohun tó fẹ́ sọ, kó búra sí i, kí alátakò kà á ṣáájú. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́ ni yóò wá fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè bi í léèrè.

Ìyá ní kí wọ́n kúkú lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Ṣebí àgbà kóòtù ló lè fa èèyàn wá láti òkè òkun. Gbọ́láhàn rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ìjà ilẹ̀ báyìí kì í ṣe tiwọn, àwọn náà sì ń kọ́kọ́ gba ìwé.

"Ṣùgbọ́n á wá?"

"Á wá, Màmá."

Ìwé Adérìnsọ́lá dé. Ìwé ò ní ojú, bẹ́ẹ̀ ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìyá tún yàrá ṣe, ó ra iṣu láti Ùsì, ó kó àwọn obìnrin ìjọ jọ sí àdúrà ọjọ́rú: kí Olúwa di alátakò lẹ́nu, kí wọ́n má rí nǹkan wí sí ọ̀rọ̀ ọmọ òun.

Àdúrà gbà. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ni Gbọ́láhàn jó wọlé. Lọ́yà iléeṣẹ́ náà ti ka ìwé, kò rí èsì fọ̀. Wọ́n gbà á látòkèdélẹ̀, wọ́n sì ń fi oko sílẹ̀.

"Adérìnsọ́lá ò ní ṣe wàhálà wá mọ́, Màmá."

Ìyá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó pẹ́ kó tó dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun kọ́ ló pè. Ọmọ ló pè é. Ó ní díẹ̀ ló kù kí òun ra tíkẹ́ẹ̀tì. "Ṣé inú yín ò dùn ni, Màámi?"

"Ó dùn. Àwọn yẹn ló ní àwọn ò ní ìbéèrè, Àníkẹ́. Èmi ní. Wá ulé."

Adérìnsọ́lá béèrè bóyá iṣu Ùsì tí ìyá ní òun rà dè é á ṣì ṣeé gún.